Ta ló ni gọ́tà? Ọ̀rọ̀ títì, owó ìlú àti omi òjò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di onílé ní ìhà Okokomaiko báyìí, bi mí ní ìbéèrè kan tí mo rò pé ó yẹ kí n dáhùn lójú gbogbo wa. Ó ní: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó tí wọ́n ti ná sórí títì Àgbádárìgì yìí kì í ṣe kékeré. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, inú omi la máa ń bá ara wa?"

Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan á ní àwọn olóṣèlú ló kó owó jẹ. Àwọn mìíràn á ní àwa ará ìlú náà la ń da pàǹtí sínú gọ́tà. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, àmọ́ méjèèjì ò tíì kan ìdí ọ̀rọ̀. Ìdáhùn tèmi rèé: owó títì ni ìjọba máa ń ná, owó omi kì í sí níbẹ̀. Títì ní ọjọ́ ìṣíde, ó ní ríbọ́ọ̀nù tí gómìnà máa gé, ó ní orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Gọ́tà ò ní gbogbo ìyẹn. Owó gọ́tà jẹ́ owó ọdọọdún, ìjọba tí àpò rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù lọ ni òfin sì gbé e lé lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ wá.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ilẹ̀ Àwórì ní apá ibí yìí jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn àti àbàtà, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Ọ̀sà tóóró tó lọ láti Àgbádárìgì títí dé Èkó wà ní gúúsù, etí rẹ̀ ni ìlú Ọ̀jọ́ tẹ̀dó sí. Ọ̀sà Ológè wà ní ìwọ̀ oòrùn, odò Òwò sì ń ṣàn sínú rẹ̀. Ìbà wà lókè, ní àríwá. Títì márosẹ̀ wá gba àárín wọn kọjá, láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn.

Ẹ fi ojú inú wo ohun tí mo sọ yẹn dáadáa. Omi àdúgbò wọ̀nyí ń wá ọ̀nà dé ọ̀sà. Títì dábùú ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá mọ títì sókè, tí ihò abẹ́ títì tó yẹ kí omi gbà kọjá kò pọ̀ tó, tàbí tí pàǹtí dí i, a ti kọ́ ìdídò láìmọ̀. Ẹni tó wà lókè ìdídò ni omi máa bá nínú yàrá.

Ohun kejì ni pé omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Lápá ibi tó rẹlẹ̀, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi á yọ. Òjò Èkó lé ní 1,500 mìlímítà lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa rọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, kó tó tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ilẹ̀ ti mu yó. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, orí ilẹ̀ ló máa wà, àfi kó rí ibi ṣàn lọ.

Nígbà tí omi fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà

Àwọn baba ńlá àwọn ará Ọ̀jọ́ kò bá omi jà, nítorí omi ni títì wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹja, àgbọn àti oúnjẹ oko lọ sí Èkó, òun náà ló ń kó ọjà òyìnbó padà bọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí wọ́n sì gba Àgbádárìgì ní 1863, ọ̀nà omi yìí náà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ohun tó yí nǹkan padà ni ọkọ̀ ojú irin. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Irin náà gba Agége àti Abẹ́òkúta lọ. Kò yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀jọ́ rárá. Owó ìjọba àti okòwò ńlá tẹ̀lé irin lọ sí àríwá, wọ́n sì fi ìhà Àgbádárìgì sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin kan wà láyé ìjọba amúnisìn tó yẹ ká rántí níbí. Ní 1903, ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin ọ̀nà àti odò, èyí tó fún wọn láṣẹ láti fipá mú àwọn ìjòyè kí wọ́n kó ènìyàn jáde láti tún ọ̀nà ṣe. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́fà lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ní 1906 ni wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Iṣẹ́ ipá ni, kò sẹ́ni tó máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan: òfin kan náà ló kó ọ̀nà ilẹ̀ àti ọ̀nà omi pọ̀. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé nílẹ̀ àbàtà, ẹni tó bá ń tún ọ̀nà ṣe tí kò tún odò ṣe, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ìmọ̀ yẹn la wá sọnù lójú ọ̀nà.

Títì dé, ìlú tẹ̀lé e

Ọdún 1970 síwájú ni owó epo rọ̀bì dé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Láàárín àkókò yìí ni títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì jáde, èyí tó lọ dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó sì jẹ́ ara ọ̀nà etíkun tó lọ dé Kútọnù, Lomé, Àkírà àti Abidjan. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n ń ronú títì yìí, Abidjan ni ojú wọn wà. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wo Okokomaiko.

Àmọ́ títì kì í dá wà. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975. Wọ́n ti kógbá sílé tipẹ́, síbẹ̀ àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ dáńfó ṣì ń pe orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bíi bọ́sítọ́ọ̀pù dòní. Ní 1977, ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé ṣí, Festac náà sì dìde. Bárékè àwọn ṣójà wà níbẹ̀. Ọjà Àlàbá gbilẹ̀. Ní ìgbà Jákàńdè, láàárín 1979 sí 1983, wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, wọ́n sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́ ní 1983. Títí di òní, orúkọ Ìyànà Ìbà sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa: ibi tí ènìyàn ti máa ń yà kúrò lójú títì ńlá lọ sí Ìbà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ nílò yàrá, oníṣòwò nílò ilé, òṣìṣẹ́ nílò ibi tó súnmọ́ mọ́tò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àbàtà. Àbàtà yìí, ibi tí omi ń sùn sí ni tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ló máa lọ dúró sí títí ọ̀sà á fi fà á. A wá da iyanrìn àti yangí sí i, a kọ́ ilé lé e. Ẹnì kan á mọ ilẹ̀ tirẹ̀ sókè, omi á lọ bá aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò náà á ra yangí lọ́dún tó ń bọ̀, omi á tún kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí àdúgbò ṣe ń ga nìyẹn, tí omi ò sì dín kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé á wà lókè, arúgbó tó kọ́ tirẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn á wà nínú kòtò.

Títì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá

Ní 2009, lásìkò gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ títì náà di ojú ọ̀nà mẹ́wàá, láti Eric Moore títí dé Okokomaiko, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin láàárín rẹ̀. Wọ́n wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ náà lọ wẹ́wẹ́, lábẹ́ Fáṣọlá, lábẹ́ Àńbọ̀dé, títí dé ọwọ́ Sanwó-Olú. Ẹni tó bí ọmọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti rí ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré.

Ọkọ̀ ojú irin náà, tí wọ́n ń pè ní Blue Line, gùn ní kìlómítà 27 láti Marina dé Okokomaiko. Ìpín àkọ́kọ́, Marina sí Mile 2, jẹ́ kìlómítà 13. Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìpín kejì, kìlómítà 14, ló yẹ kó dé Okokomaiko. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìtàn lọ́dọ̀ mi á rántí pé Buhari yìí kan náà ni olórí ìjọba ológun nígbà tí wọ́n fagi lé ọkọ̀ ojú irin tí Jákàńdè dáwọ́ lé, tí owó Èkó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì bá a lọ. Iṣẹ́ ńlá rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn láti fagi lé.

Apá kejì títì náà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2018, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 63 náírà fún àtúnṣe láti Agbára dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kìlómítà 46. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró ní Okokomaiko. Iṣẹ́ àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Agbára. Ta ló wá ni àárín méjèèjì, Ìyànà Ẹ̀rà, Ìjànikin àti àwọn àdúgbò tó tẹ̀lé e? Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ ìdáhùn rẹ̀ lára, nínú kòtò àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ibi tí ìwé iṣẹ́ méjì ò ti pàdé, omi ló máa ń pàdé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó sápamọ́. Bí a bá kọ́ títì tuntun, a máa ń gbé e ga ju ti àtijọ́ lọ. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà á tẹ̀lé gíga yẹn. Bí gọ́tà inú àdúgbò bá wá rẹlẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ títì lọ, omi ò lè gun òkè. Kàkà kí ti àdúgbò tú sínú ti títì, ti títì ni yóò máa tú padà sí àdúgbò. Ẹni tó bá ń wo títì nìkan á ní iṣẹ́ dára. Ẹni tó bá wọ àdúgbò ló máa mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí.

Àpò ta ni owó gọ́tà wà?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pín iṣẹ́ ọ̀nà. Títì tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó jẹ́ ti àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ní ìparí ìwé náà, nínú àfikún kẹrin, a rí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: títì àdúgbò, iná òpópónà, gọ́tà, àti kíkó pàǹtí. Káńsù ló ni gọ́tà. Òfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kedere.

Ó dáa, èwo ni káńsù? Ní 1989 ni wọ́n yọ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ jáde lára ti Àgbádárìgì. Ogún ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2003, gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá 37 mìíràn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 57. Láti ara Ọ̀jọ́ ni káńsù Ìbà àti ti Ọ̀tọ̀-Àwórì ti jáde. Èrò wọn kò burú: ìka ènìyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ súnmọ́ 600,000 nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ sì ní iye wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Káńsù kan ṣoṣo ò lè bójú tó wọn.

Ṣùgbọ́n Ààrẹ Ọbásanjọ́ ò gbà. Ní 2004, ó ní kí wọ́n dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Èkó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ dá a pé ààrẹ ò ní àṣẹ láti di owó náà mú, àmọ́ ó fi kún un pé àwọn káńsù tuntun náà ò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Ìgbà tí Yar'Adua dé ní 2007 ni wọ́n tó tú owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí àwọn erin ń jà yẹn, òjò kò dẹ́kun rírọ̀ sórí koríko.

Títí di òní, orúkọ 20 ni owó Àbújá fi ń wá, ẹnu 57 ló sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ọwọ́ mẹ́ta nínú abọ́ ẹyọ kan ni. Nígbà tí wọ́n bá san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tán, ohun tó kù ni gọ́tà máa jẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Èmi náà yọ̀, ṣùgbọ́n mo bèèrè ohun kan: Ìbà ò sí nínú ìwé òfin. Bí owó bá lọ tààrà sí Ọ̀jọ́, kí ni Ìbà yóò fi wa gọ́tà?

Owó ìta pàápàá kọjá lórí wọn. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ fún títì àti gọ́tà ní àdúgbò mẹ́sàn-án tí nǹkan le fún: Agége, Ajégúnlẹ̀, Àmúkòkò, Badia, Ìwáyà, Mákòkò, Ìlàjẹ, Bárígà àti Ìjẹ̀shatẹ̀dó. Wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn àdúgbò tí à ń sọ yìí ò sí lára wọn.

Ní ti ọwọ́ ará ìlú, ẹ̀yin náà rántí Sátidé ìmọ́tótó oṣooṣù tó wá láti àsìkò ìjọba ológun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rìn títí aago mẹ́wàá fi máa lù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí dídá èrò dúró nítorí ìmọ́tótó, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kò bófin mu. Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Ẹ̀tọ́ ènìyàn ni kó rìn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ètò kankan tó gba ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé àmúwá Ọlọ́run ni?

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 200 mìlímítà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó. Òjò bẹ́ẹ̀, kò sí gọ́tà tó máa gbà á tán. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òjò tó ń lé wa kúrò nílé lọ́dọọdún kì í ṣe irú ìyẹn. Òjò lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Àkírà, tó wà lórí títì etíkun kan náà pẹ̀lú Okokomaiko. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, òjò rọ̀, omi ò rí ibi gbà. Àwọn èrò sá fún òjò lọ sí ilé epo kan, epo gorí omi, iná ràn. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú. Òjò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí omi ò ti rọ́nà lọ ló sọ ọ́ di ìjàǹbá. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo agbára ọ̀rọ̀ náà wà ní ìdajì kejì. Àgbàrá ti sọ tẹnu tirẹ̀. Onílé ńkọ́?

Ohun tó yẹ ká bèèrè

Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, a máa ń dá owó yangí. Kí ẹ tó dá ti ọdún yìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nǹkan mẹ́ta.

Ìkíní, gọ́tà àdúgbò wa, ibo ló ń tú sí? Ẹ má gbà "sínú gọ́tà ńlá" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi rí ọ̀sà tàbí odò. Bí ẹ bá tọ̀ ọ́ tí ẹ bá ògiri ènìyàn lójú ọ̀nà, ẹ ti rí ibi tí omi yín ti ń padà wá.

Ìkejì, èló ni káńsù kọ sílẹ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí, èló ni wọ́n sì ná? Òfin òmìnira ìròyìn ti wà láti 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpele ìjọba. Lẹ́tà kan péré ni. Àwọn tí mo kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà wà láàárín yín.

Ìkẹta, bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ ní Okokomaiko, níbo ni wọ́n fi ihò omi sí lábẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló kánjú jù. Ìgbà tí iṣẹ́ ṣì wà lórí ìwé ni ihò omi máa ń pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, ó di ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù, ó sì di ọ̀rọ̀ ọmọ yín.

Ìparí ọdún ni àwọn káńsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń to ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí gbogbo wa sì ti gbàgbé omi. Ìgbà náà gan-an ni kí lẹ́tà yín dé ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹfà kó tó pariwo, ìṣúná ọdún yẹn ti kọjá rẹ̀.